Kí Ìyáàlù Lè Fọhùn ní Pálọ̀ Wa: Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ̀rọ Orin Ilé Sunwọ̀n Díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàdàn

Bí ìyáàlù bá ń fọhùn nínú orin tí ẹ gbé sí i ní pálọ̀ yín, tí etí yín ń gbọ́ ìró ìlù náà ṣùgbọ́n tí ẹ kò mọ ohun tó ń wí, ẹ̀rọ orin yín kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìlù wa fi ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ẹ̀rọ tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ ara wọn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílù. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ìyáàlù dán gbogbo ẹ̀rọ tí mo bá fẹ́ rà wò, òun náà ni mo sì máa fi ṣe òṣùwọ̀n jálẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ti ní ẹ̀rọ orin kan nílé, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó láti ra tuntun inú páálí, tó sì ń gbé ní Ìbàdàn níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dáadáa tí à ń rí lọ́jà jẹ́ tòkunbọ̀. Ìlú wa kì í ṣe àjèjì sí ohùn tó ń ti inú àpótí jáde. Ọdún 1939 ni ètò rédíò onáwáyà ti dé Ìbàdàn, àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀ tí àwọn bàbá wa sì sọ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì; ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí kan náà. Etí wa ti mọ ohùn tó dára tipẹ́. Owó ni kì í sábà tó. Ọ̀nà tó ti ṣe mí láǹfààní ni kí a máa pààrọ̀ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, kí a máa rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tí a lè padà lọ bá, kí a sì jẹ́ kí etí tiwa ṣe ìdájọ́ dípò ohun tí wọ́n kọ sára àpótí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ibi tí ẹ̀rọ wà nínú ilé

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo pálọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ òde òní ló ní táìsì nílẹ̀, ògiri tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ tó ń dán, àti fèrèsé onígíláàsì. Gbogbo wọn ló ń ta ohùn padà. Ẹ dúró sí àárín pálọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó le, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kan tó ń tẹ̀lé àtẹ́wọ́ náà, bí ìgbà tí ènìyàn sọ̀rọ̀ sínú táǹkì omi tó ṣófo, ìró yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ gbogbo orin tí ẹ ń gbọ́. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn tí a tẹ́ sáàárín sípíkà àti àga, kọ́tìnnì tó wúwo, pẹpẹ ìwé tó kún lára ògiri ẹ̀yìn, àwọn wọ̀nyí máa ń tún ohùn ṣe ju bí áńpílífáyà (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) olówó ńlá ṣe lè tún un ṣe lọ. Mo ti rí ẹni tó ń wá owó sípíkà tuntun kiri, tó jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló parí ọ̀rọ̀ náà fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí sípíkà wà. Àṣà wa ni kí a tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí a gbé wọn lé ara wọn ní kọ̀rọ̀ ilé. Kọ̀rọ̀ ni ibi tó burú jù lọ, nítorí pé ògiri méjì àti ilẹ̀ máa ń ti ohùn ìsàlẹ̀ padà, á wá wú ju bó ṣe yẹ lọ, á sì bo ẹnu akọrin mọ́lẹ̀. Ẹ gbé wọn kúrò lára ògiri ẹ̀yìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60, kí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì tó mítà 2, kí àga tí ẹ ń jókòó sí sì jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iye kan náà tàbí kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíkà kékeré òkè, èyí tó ń gbé ohùn tíńrín ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo jáde, gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan etí ẹni tó jókòó. Bí àpótí sípíkà yín bá kéré, ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ lọ ra pákó tó le ní ìsọ̀ pákó Bódìjà, kí káfíńtà ṣe ìdúró méjì fún yín, kí ó jẹ́ kí òpó rẹ̀ ní ihò nínú, kí ẹ sì da iyanrìn gbígbẹ kún un kí ó má baà máa gbọ̀n bí ìlù bá dún. Tèmi ti pé ọdún 9, kò sì tíì yẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí ọ̀rẹ́ bá ní ẹ̀rọ òun kò ní ohùn ìsàlẹ̀ ni bí wọ́n ṣe so wáyà. Ojú pupa ara áńpílífáyà gbọ́dọ̀ lọ sí ojú pupa ara sípíkà, dúdú sí dúdú, ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí a bá ṣi ti apá kan ṣoṣo so, nígbà tí kóónù (ojú tó ń mì) sípíkà kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì á máa fà á sẹ́yìn. Ohùn ìsàlẹ̀ á pa ara rẹ̀ rẹ́, ẹ kò sì ní mọ ibi tí akọrin dúró sí. Bí àmì ara wáyà bá ti parẹ́, ẹ pa áńpílífáyà, ẹ yọ wáyà kúrò lára rẹ̀, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tó jẹ́ fóòtì 1.5, kí ẹ sì fi ẹnu wáyà méjèèjì kan orí àti ìdí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí kóónù ńlá bá sún síwájú, wáyà tó kan orí bátìrì ni ti pupa; bó bá sún sẹ́yìn, ìkejì ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: iná tí ẹ̀rọ ń jẹ

Iná orílẹ̀-èdè wa jẹ́ fóòtì 230, ó sì ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ó sì ń yí ní ìgbà 60. Ti Japan kò ju fóòtì 100 lọ. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà náà ń wọlé, ojú lásán kò sì lè fi wọ́n hàn yàtọ̀ síra.

Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 12 sẹ́yìn, mo ra áńpílífáyà kan tó wù mí lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí. Ó ní iná wa ni, èmi náà kò sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo gbé e délé, mo kì í bọ iná, mo gbọ́ “tà!” ẹ̀ẹ̀kan, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba gbogbo pálọ̀. Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ dé ni mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti jáde: 120V, 60Hz. Nígbà tí mo padà dé ibi tí mo ti rà á, ẹni náà ti kó kúrò. Nítorí náà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí ẹ máa kọ́kọ́ kà kí ẹ tó wo iwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn tí a fi ń yan fóòtì. Ẹ rí i dájú pé ó wà ní 220 tàbí 240. Bí ẹ̀rọ oní-120 bá dára tí ẹ kò lè fi sílẹ̀, ẹ ra tíránsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí agbára tíránsífọ́mà náà sì ju iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ dáadáa, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún owó ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń ná an.

Iná àdúgbò náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá tan iná, ó lè rẹlẹ̀ débi pé gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná. Bí wáyà kan bá sì já lórí òpó, pàápàá èyí tí àwọn oníná ń pè ní neutral, fóòtì tó wọlé lè súnmọ́ 400. Sitebiláísà dára fún iná tó rẹlẹ̀. Fún èyí tó ga lójijì, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní AVS sáàárín, èyí tó máa ń gé iná tó bá ju agbára lọ, tó sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí iná wọlé padà. Bí ẹ bá ń lo ínfátà, ẹ rí i pé ó jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní pure sine wave, nítorí pé èyí tí owó rẹ̀ kéré máa ń mú kí áńpílífáyà kùn bí oyin, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Owó tí a ná sórí iná kì í hàn létí lọ́jọ́ tí a ná an, ṣùgbọ́n mo gbà pé òun ló yẹ kó ṣáájú gbogbo owó yòókù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mímọ ohun tí a ó kọ́kọ́ pààrọ̀

Bí pálọ̀ àti iná bá ti tò, ẹ wá lè ṣírò owó. Ní tèmi, sípíkà ni mo máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀, òun ni mo sì ń fi nǹkan bí ìdajì gbogbo owó sí, nítorí pé òun ló ń yí iná padà sí afẹ́fẹ́ tí etí ń gbọ́, àṣìṣe rẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo ẹ̀rọ yòókù lọ. Áńpílífáyà ló tẹ̀lé e. Ohun tí orin ti ń jáde wá, ì báà jẹ́ fóònù tàbí ẹ̀rọ sídì, ló gbẹ̀yìn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáàtì tàn yín. Ẹ ti rí àwọn ẹ̀rọ onípọ́lásítíìkì tí wọ́n kọ wáàtì 5,000 sí lára, tí àmì PMPO sì wà lẹ́yìn iye náà. Iye yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí. Bí ó bá jẹ́ wáàtì 60 ló ń gbà láti ara ògiri, báwo ni yóò ṣe máa fún sípíkà ní 5,000 láìdáwọ́ dúró? Iye tí wọ́n kọ RMS sí, tí wọ́n sì sọ iye óòmù (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) tó wà fún, ni kí ẹ kà. Wáàtì 30 gidi fún apá kọ̀ọ̀kan ti tó fún pálọ̀ wa.

Nọ́ńbà kan wà tó ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ, tí àwọn ọlọ́jà kì í sì í sábà mẹ́nu bà: bí sípíkà ṣe ń dún tó nígbà tí a bá fún un ní wáàtì 1 tí a sì dúró ní mítà 1 síwájú rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní dB, òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ń dún tó, sí ẹ̀yìn àpótí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi dB 3 kún ohùn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ wáàtì di ìlọ́po méjì. Èyí túmọ̀ sí pé sípíkà tó ní dB 90 pẹ̀lú áńpílífáyà wáàtì 20 yóò dún tó sípíkà dB 84 tó ń gba wáàtì 80. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó tún ń ronú bátìrì ínfátà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nǹkan kejì ni óòmù. Bí áńpílífáyà bá ní òun fẹ́ óòmù 6 sókè, ẹ má ṣe so sípíkà oní-4 mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíkà óòmù 8 méjì tí a bá so pọ̀ mọ́ ojú kan ṣoṣo, ọ̀nà tí a sábà ń gbà so ó, á di óòmù 4. Ooru ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni èéfín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹni tí a ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀

Láti Dùgbẹ̀ dé agbègbè Queen Cinema, ẹ ó rí ìsọ̀ ẹ̀rọ tó pọ̀. Ẹ má ṣe mú owó dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kàn lọ, ẹ kí wọn, ẹ béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ṣé iná wà ní ìsọ̀ tí wọ́n fi lè dán ọjà wò lójú yín? Ṣé wọ́n mọ orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ náà ti wá? Ṣé wọ́n ní ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí, tàbí bí ó bá ti kúrò ní ìsọ̀, ó parí nìyẹn? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹ gbé orin tiyín sí i? Èyí tó ga jù lọ́kàn mi ni kí ọlọ́jà lè wò yín lójú kí ó ní kí ẹ má ra ohun kan tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ di í mú.

Ẹni tí èmi ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lé ní ẹni 60 ọdún, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ kan, mo bá sípíkà aláwọ̀ igi méjì níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ara wọn ń dán, mo sì ti ń ṣírò owó lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ó fi èékánná yọ aṣọ iwájú ọ̀kan, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù dúdú tó yí etí kóónù ńlá ká, jẹ́jẹ́. Fóòmù náà rún sílẹ̀ bí èérún àkàrà àná, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúdú bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ka níbi ìdìbò.

“Àbúrò mi,” ó ní, “ojú lo fi ń rajà yìí. Àpótí rẹ̀ dára, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá yí ohùn rẹ̀ sókè ni kóónù yẹn máa já.”

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ṣeé tún ṣe ni?”

“Ó ṣeé ṣe. Mo máa pààrọ̀ fóòmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí o tó wá gbọ́ ọ, bí o bá gbọ́ ọ tán ni kí o tó sanwó.”

Mo padà lọ, mo gbọ́ ọ, mo sì rà á. Àwọn sípíkà náà ló wà ní pálọ̀ mi títí di òní. Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni pé fóòmù máa ń jẹrà nínú ooru àti ọ̀rinrin bó ti wù kí àpótí mọ́ tó, nígbà tí etí kóónù onírọ́bà máa ń pẹ́ jù ú lọ gan-an. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yàn, ẹ yan onírọ́bà. Bí ó bá sì jẹ́ fóòmù, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dídán an wò ní ìsọ̀

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ tí ọjà kò tíì pariwo, ẹ sì mú orin mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dunjú dání, kí ó wà lórí sídì tàbí lórí fóònù ní fáìlì tí a kò fún pọ̀ jù. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn ènìyàn nìkan láìsí ìlù púpọ̀, bí ẹni tó ń ké oríkì. Etí kan kò sí tí kò mọ bí ohùn ènìyàn ṣe yẹ kó rí, nítorí náà bí akọrin bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, ẹ̀rọ ni kò dára. Èkejì gbọ́dọ̀ ní ìyáàlù tó ń dá sọ̀rọ̀. Àwo àpàlà Haruna Ishola wúlò fún mi gan-an níhìn-ín, nítorí pé ìlù àti àgídìgbo wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ láìsí gìtá tó ń bò wọ́n. Ẹ̀kẹta ni orin jùjú tàbí fújì tí nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè fi gángan, gìtá àti àwọn agberin sí àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá ń fi sípíkà méjì wé ara wọn, ẹ rí i dájú pé wọ́n ń dún dọ́gba. Etí wa máa ń gbà pé èyí tó dún sókè ló dára jù, ọlọ́jà tó bá sì fẹ́ tà yín ní ọ̀kan lè yí i sókè díẹ̀ láìsọ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wà lórí bọ́tìnnì. Ẹ gbọ́ ọ ní ohùn kékeré pẹ̀lú, nítorí pé báyẹn gan-an lẹ ó ṣe máa gbọ́ ọ lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Lẹ́yìn tí etí bá ti sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àti ojú náà ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìka ti kóónù ńlá sínú jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá gbọ́ tàbí mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń ha nínú rẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ti jó tàbí ti yẹ̀. Ẹ fi mítà oníná wọn ẹnu rẹ̀: sípíkà óòmù 8 sábà máa ń fi nǹkan bí 6 sí 7 hàn, èyí tí mítà kò bá sì fi nǹkan kan hàn fún ti já nínú. Ẹ ká bébà bíi páìpù, ẹ fi í sí etí, kí ẹ sì gbé ẹnu rẹ̀ sí iwájú sípíkà kékeré òkè ní ọ̀tún àti ní òsì, torí pé ó rọrùn kí ọ̀kan nínú wọn ti kú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ní ti áńpílífáyà, ẹ yí bọ́tìnnì ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí orin. Bó bá ń ṣe “kàrà-kàrà”, ìdọ̀tí ni, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí i lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ sì lè fi ìyẹn ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mítà tí ẹ gbé sórí DC bá fi ju milifóòtì 100 hàn ní ojú ibi tí sípíkà ń wọ̀, tí kò sí orin, ẹ má ṣe gbà á. Iye tó kéré sí 50 ló fini lọ́kàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún odidi wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ àrùn kì í jáde títí ara ẹ̀rọ á fi gbóná, mo sì máa ń bá wọn jókòó, mo máa ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ iṣẹ́, títí wákàtí yẹn á fi pé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: owó àti àdéhùn

Ẹ ná an pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má ṣe ná an débi tí ọlọ́jà kò fi ní rí nǹkan jẹ, nítorí pé ẹ ṣì ń padà bọ̀. Ohun tí mo máa ń bá Ẹ̀gbọ́n sọ ju owó lọ ni àdéhùn: kí n gbé e lọ sílé fún ọjọ́ 7, kí n sì lè dá a padà bí kò bá bá pálọ̀ mi mu, kí ó kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ sínú rìsíìtì, kí ó sì sọ iye tí òun máa gbà á padà bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ́ kí owó kékeré lè rìn jìnnà. Mo ti pààrọ̀ áńpílífáyà nígbà mẹ́ta lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí mò ń fi díẹ̀ lé e nígbà kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé n kò san odidi owó ẹ̀rọ kan rí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: wáyà, àti ibi tí orin ti ń jáde wá

Ti wáyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wáyà bàbà gidi tí wọ́n ń pè ní mílímítà 1.5 tàbí 2.5, irú tí a fi ń ṣe iná ilé, ti tó fún sípíkà tí kò jìnnà ju mítà 5 lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Fún orin, fóònù tí a so mọ́ áńpílífáyà pẹ̀lú wáyà, ní ojú tí wọ́n kọ AUX sí, sábà máa ń mọ́ ju Bluetooth lọ. Ẹ̀rọ DVD àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́ lè gbé sídì dáadáa, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan; mo gba gbogbo ẹni tó bá ní sídì nílé nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá a.

Àwo orin ni ó yẹ kí n dúró lé díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló jogún àwo lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá. Ohun tó ń ti orí abẹ́rẹ́ jáde kéré púpọ̀, bíi milifóòtì 5 péré, nígbà tí ẹ̀rọ sídì ń gbé nǹkan bíi fóòtì 2 jáde. Nítorí náà bí ẹ bá so ó mọ́ ojú AUX, ẹ ó gbọ́ ohùn tó jìnnà tí kò sì ní ìsàlẹ̀. Ojú tí wọ́n kọ PHONO sí ni tirẹ̀, bí áńpílífáyà yín kò bá sì ní i, àpótí kékeré kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀rọ àwo láti Amẹ́ríkà. Irú èyí tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀lé bí iná ṣe ń yí lọ́nà tààrà yóò máa falẹ̀ níhìn-ín, kódà bí ẹ bá fi tíránsífọ́mà sí i, torí pé tíránsífọ́mà kì í yí 50 padà sí 60: àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 28, ohùn akọrin á wúwo, ìlù á sì sọ ohun tí onílù kò sọ. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbé àwo kankan sí i, nítorí pé abẹ́rẹ́ tó ti jẹ máa ń gbẹ́ ojú àwo, èyí kò sì ní àtúnṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn tí ó bá délé

Ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ lórí áńpílífáyà, kí ẹ má sì gbé aṣọ tàbí òdòdó lé e nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ bò ó bí ẹ kò bá lò ó, nítorí pé eruku máa ń wọ inú bọ́tìnnì. Nígbà òjò, ẹ máa tàn án ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí ara rẹ̀ lè gbẹ. Bí òjò bá ṣú tàbí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Láàárín ọjọ́ 7 àdéhùn yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ tẹ́tí sí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sún sípíkà síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ tún gbé orin onílù yẹn sí i, kí ẹ pe àgbà kan tó gbọ́ ìlù wá jókòó sí àga tiyín, kí ẹ má sì sọ nǹkan kan fún un. Bí ó bá sọ ohun tí ìyáàlù ń wí láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ san owó tó kù fún ọlọ́jà. Bí kò bá gbọ́ ọ, ẹ dì í padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìsọ̀ kí ọjọ́ 7 náà tó pé.